Oòrùn ti wọ̀, àmọ́ ẹ má tíì ki fóònù bọ àpò

Nǹkan kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá wà ní Marina ní Badagry nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn èèyàn á ti tò síbẹ̀ láti bí aago mẹ́fà, wọ́n á kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, wọ́n á ya fọ́tò títí ọwọ́ á fi máa ro wọ́n, àmọ́ bí oòrùn bá ṣe rì báyìí, ó parí nìyẹn, wọ́n ti yíjú padà, wọ́n ti ń pe ọ̀kadà. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá lọ tán ni ojú ọ̀run á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n gan-an. Ó dà bí ẹni tó lọ sóde, tó jẹ púfù-púfù ẹnu ọ̀nà, tó sì ti gbọ̀nà ilé kí wọ́n tó bu ìrẹsì.

Fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, ẹni tó bá ṣáà ti pè mí. Òde kì í sí lójoojúmọ́, ọjọ́ tí kò bá sí ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́bàá ọ̀sà. Fóònù kan tí ojú ẹ̀ ti là ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó rówó ra kámẹ́rà, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹni tó ní kámẹ́rà ńlá nìkan ni mò ń bá wí. Mo máa po ọ̀rọ̀ kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ohun tó ń mú kí ojú ọ̀run pọ́n, ẹ bá mi fara dà á, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oríire lásán ni á máa fi ya fọ́tò.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi funfun lójú wa yẹn, àwọ̀ òṣùmàrè ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, pupa, àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò, gíríìnì, búlúù, títí dé pọ́pù. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n ń fi họ́ọ̀sì fọ mọ́tò lójú oòrùn, tí òṣùmàrè kékeré yọ nínú omi tó ń fọ́n ká, ó ti rí i náà nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún máa ń rìn bí ìgbì omi ni. Ìgbì búlúù kúrú, ìgbì pupa gùn. Ẹ wá lọ dúró ní jẹ́tì kí ẹ wo àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́ inú omi. Ìgbì kéékèèké tí atẹ́gùn ń dá, tó bá ti kọlu òpó báyìí, á tú ká sọ́tùn-ún sósì. Àmọ́ ìgbì ńlá tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tì wá, á kàn gba ara òpó kọjá bí ẹni pé òpó ò sí níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe ìmọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn ègé tíntìntín inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nitrogen àti oxygen, àwọn ni òpó, búlúù ni ìgbì kékeré tó ń tú ká, pupa ni ìgbì ńlá tó ń bá tiẹ̀ lọ. Ará Ìngíláàǹdì kan, John William Strutt, tí wọ́n wá mọ̀ sí Lord Rayleigh, ló ṣe ìṣirò ẹ̀ ní 1871: tí ìgbì kan bá jẹ́ ìdajì èkejì, ìlọ́po 16 ló fi máa ń tú ká jù ú lọ. Búlúù àti pupa ò jìnnà síra tóyẹn, síbẹ̀ búlúù máa ń tú ká ju pupa lọ ní bí ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí òkè fi ń búlúù lọ́sàn-án, búlúù tó tú ká yẹn ló ń ti gbogbo apá wá bá wa lójú.

Lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lókè orí, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń gbà nínú afẹ́fẹ́ ò gùn. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Ẹ wo ẹni tó sọdá títì Badagry Expressway, ìṣísẹ̀ mélòó kan ni, kí ẹ wá wo ẹni tó rìn tẹ̀lé títì kan náà láti Mile 2 dé Sẹ́mẹ̀. Títì kan náà o, ìyà ibẹ̀ ò dọ́gba. Tí oòrùn bá ti fẹ́ kan omi, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń là kọjá máa ń tó bí ìlọ́po 38 ti ìgbà tó wà lókè orí. Kó tó dé Badagry, búlúù ẹ̀ ti jábọ́ sọ́nà tán, ó ti di ojú ọ̀run búlúù fún àwọn ará Kútọnu àti Lomé, ohun tó ṣẹ́ kù tó wá bá wa ni yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn àti pupa. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni yẹ́lò náà ń já sílẹ̀, á wá ku pupa nìkan, pupa bí epo tuntun.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé oòrùn tí ẹ rí tó fi ìdí kan omi yẹn, ó ti lọ. Òótọ́ ni. Ẹ ki igi bọ omi kí ẹ wò ó, ńṣe ló máa dà bíi pé ó ṣẹ́, torí omi máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé àwòrán oòrùn sókè bí ìdajì digíríì, ìyẹn sì ju fífẹ̀ oòrùn fúnra ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló tún máa ń tẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe rogodo mọ́ tó bá ti sún mọ́ omi, á fẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Ká má tiẹ̀ tíì sọ pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ti lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó kàn wá.

Ẹ jẹ́ n sọ ọjọ́ tí èmi gan-an kọ́gbọ́n. Oṣù September ni, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà dáadáa, ó wá dá ní bí aago márùn-ún. Mo ya oòrùn títí ó fi wọ̀, kò burú kò dáa, mo kó kámẹ́rà sínú báàgì, mo lọ jókòó ti màmá kan tó ń yan ẹja, mo ń bá a ná ẹja. Ṣe ni màmá gbójú sókè, ó ní, "Fọ́tò! Wẹ̀yìn ẹ." Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ mà?" Ó ní, "Wẹ̀yìn ẹ, ọmọ yìí, ẹja ò ní sá lọ." Mo yíjú, gbogbo ojú ọ̀run láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òdìkejì omi ti pọ́n wẹ̀, ìsàlẹ̀ àwọsánmà ń tàn bí ẹyin iná, omi náà sì gbé e. Kí n tó fa kámẹ́rà yọ, kí n tó yí lẹ́ǹsì, kí n tó rántí pé mo ti pa á, ó ti ń di pọ́pù. Fọ́tò mẹ́ta ni mo rí mú, méjì ló mì. Màmá ní ojoojúmọ́ lòun ń rí i, òun kàn rò pé èmi tí mo ń fi ṣiṣẹ́ ṣe ti mọ̀ ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò le rárá. Ẹ wo igi àgbọn nírọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji ti bo ilẹ̀ gbogbo, oòrùn á ṣì wà lórí ẹ̀ lókè. Àwọsánmà ló wá ga ju àgbọn lọ fíìfíì, àwọn míì ga ju kìlómítà mẹ́fà lọ. Oòrùn ti bọ́ lọ́wọ́ wa, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ tó sì ń kàn wọ́n lásìkò yẹn, abẹ́ ni ó ti ń bọ̀, ó ti rìn nínú afẹ́fẹ́ pẹ́ ju tiwa lọ, torí náà ló fi pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọsánmà tó wà nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú, á di bí eérú, èyí tó wà lókè pátápátá ló máa pọ́n kẹ́yìn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí oòrùn bá rì ló máa ń dé ojú ẹ̀. Tó bá sì yá, pupa ọ̀hún náà á lọ, ojú ọ̀run á wá di búlúù tó jinlẹ̀ bí aró. Búlúù àṣálẹ́ yìí ò sí nínú ọ̀rọ̀ òpó àti ìgbì tí mo sọ lókè, ozone, irú afẹ́fẹ́ kan tó wà lókè lọ́hùn-ún, ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀, òun ló ń gbé yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn mì tó ń fi búlúù sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn fídíò òyìnbó. Wọ́n á ní kí ẹ fara balẹ̀, ẹ ní wákàtí kan, ẹ mu tíì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Ìngíláàǹdì, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ń fi wọ̀, ó ń yọ́ lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó bá wọ̀ lè lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Tiwa ńkọ́? Badagry ò ju bíi digíríì mẹ́fà àti díẹ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn wa ń já bọ́ tààrà ni. Látìgbà tí ìdí ẹ̀ bá ti kan omi, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló máa fi rì tán. Lẹ́yìn ẹ̀, bí ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Torí náà gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ yí nínú sẹ́tìnì fóònù yín, ẹ yí i kí aago mẹ́fà tó lù. Ní ìparí November oòrùn máa ń wọ̀ ní bíi 6:30, ní July ó máa ń kọjá aago méje díẹ̀, àárín méjì yìí ló ń lọ tó ń bọ̀ látọdún dé ọdún. Èmi máa ń débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kì í ṣe torí fọ́tò nìkan, ibi tí màá dúró sí ni mo fẹ́ gbà kí àwọn ọmọ TikTok tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ wà níbẹ̀ o, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìgbà ọyẹ́ ni oòrùn ń dáa jù láti yà. Èmi ò gbà. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti Sàhárà, títí kan ti Bodélé ní Chad, àwọn ègé ẹ̀ tóbi ju ègé afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, òpó tó bá sì ti fẹ̀ ju ìgbì lọ, àti ìgbì kékeré àti ńlá ló ń dá padà. Gbogbo àwọ̀ ló ń tú ká pọ̀, ojú ọ̀run á wá funfun bí omi ògì. Ọjọ́ míì tí ọyẹ́ bá le, oòrùn ò ní í dé omi gan-an tó fi máa pòórá sínú eruku. Ohun tí mo gbà pé ọyẹ́ dáa fún kò ju ọ̀kan lọ: oòrùn fúnra ẹ̀. Agbára ẹ̀ á ti dínkù, á wà lókè bí àwo kan, ẹ lè yà á pẹ̀lú ẹyẹ tàbí ọkọ̀ níwájú ẹ̀ tí kò ní í fọ́ fọ́tò yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ́ ń wá, ẹ̀yìn òjò ni. Òjò máa ń fọ eruku àti èéfín kúrò nínú afẹ́fẹ́, September sí October tí òjò ń rọ̀ tó ń dá ni mo ti rí fọ́tò mi tó dáa jù.

Ẹnì kan bi mí rí pé ṣebí wọ́n ní Krakatoa, òkè tó bú gbàmù ní Indonesia ní 1883, eruku ẹ̀ ló mú kí ojú ọ̀run pọ́n káàkiri ayé, débi pé wọ́n pe panápaná ní Amẹ́ríkà torí wọ́n rò pé ilé ló ń jó. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìyẹn lọ sókè réré, ó kúnná, ó kọjá ibi tí òjò ti ń rọ̀, oòrùn á wá máa tàn án látabẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Eruku ọyẹ́ tiwa, inú imú wa ló wà.

Bí mo ṣe ń mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n jáde: ní bí aago mẹ́rin àtààbọ̀ mo máa ń bọ́ síta, màá wo ìwọ̀ oòrùn. Tí àwọsánmà dúdú bá ti dì í pa nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, màá padà lọ wo bọ́ọ̀lù, kò sí nǹkan níbẹ̀. Tí òkè bá mọ́ roro tí kò sí àwọsánmà kankan, àwọ̀ á wà àmọ́ á tẹ́jú, ẹ máa nílò nǹkan míì nínú fọ́tò. Èyí tí mo máa ń sáré sí ni ọjọ́ tí àwọsánmà wà lókè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó dà bí òwú tí wọ́n fọwọ́ fà tàbí tó tò bí ìpẹ́ ẹja, tí àlàfo sì wà nísàlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé. Àlàfo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òkè lè dáa tó báyìí, tí ilẹ̀kùn bá tì, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé.

Ibi tí ẹ máa dúró sí náà ń yí padà, oòrùn kì í wọ̀ sójú kan náà. Ẹ na apá síwájú kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó bíi digíríì mẹ́wàá. Láàárín June sí December, ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ń sún tó bí ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin àtààbọ̀. Ní Badagry ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí gúúsù ni òkun wà. Ẹni tó bá lọ sí etíkun ní June tó ń retí kí oòrùn rì sínú òkun, ẹ̀yìn igi àgbọn ló ń wọ̀ sí o, ilẹ̀ ló ń wọ̀ sí, á kàn jẹ iyanrìn lásán. November sí January ló ń rì sínú òkun lóòótọ́. Ní Marina ní tiẹ̀, ọ̀sà ló wà níwájú, omi ọ̀hún ló sì gbabẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, nítòsí March àti September oòrùn á fẹ́ tẹ̀lé gígùn omi lọ, ìtànṣán ẹ̀ á wá tẹ́ sórí omi bí ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ará Ìkòròdú tó bá lè dé Ìbẹ̀ṣè, ọ̀sà Èkó ló máa wà láàárín òun àti oòrùn, kò ní láti wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ n fi kún un kí n tó gbàgbé: December kan mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, òdìkejì ọ̀sà, mo rin yanrìn dé etí òkun, mo dúró títí pupa fi lọ, títí búlúù fi lọ, inú mi ń dùn, mo padà dé èbúté, kò sí ọkọ̀ kankan. Òkùnkùn biribiri, ẹ̀fọn ń kọrin. Apẹja kan ló pàpà gbé mi, owó tó gbà lọ́wọ́ mi mo lè fi sọdá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò sì lè bínú sí i, èmi ni mo pẹ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ dúró dé òpin, ibi tí mọ́tò ń dé ni mo ń lọ. Tí ẹ bá sì máa wọ ọkọ̀, kí ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn ìgbà tó máa padà wá gbé yín kó tó kúrò lójú yín.

Ó yá, fóònù.

Ẹ nu lẹ́ǹsì. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ òróró ìka ọwọ́ tó wà lára lẹ́ǹsì yẹn, tó bá kọjú sí oòrùn báyìí, á fa ìmọ́lẹ̀ gùn bí ìrù ẹṣin. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe etí ẹ̀wù tó ti gbiyọ̀.

Ìkejì ni pé kí ẹ má jẹ́ kí fóònù bá yín ronú. Tó bá ti rí i pé ilẹ̀ dúdú, ó máa ń fẹ́ tan gbogbo ẹ̀, oòrùn á wá di ihò funfun kan, àwọ̀ ti lọ. Ẹ fọwọ́ kan ojú ọ̀run tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, ẹ má fọwọ́ kan oòrùn fúnra ẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi tì í pa, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ wá fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á dà bíi pé ó ti ń ṣókùnkùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tó dúdú lè mọ́lẹ̀ tí ẹ bá ń ṣe é nílé, ibi tó ti funfun ju bó ṣe yẹ lọ ò lè padà mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹ máa fà jáde.

Àwọ̀ ńkọ́? Fóònù ní nǹkan kan tó ń pè ní white balance, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ó máa sọ pépà di funfun lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò. Ó wulẹ̀ rò pé pupa ìrọ̀lẹ́ yín náà jẹ́ àṣìṣe ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Tí kámẹ́rà fóònù yín bá ní Pro, ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara ẹ̀ yí nǹkan, ẹ wọ ibẹ̀, ẹ gbé white balance sí àmì oòrùn, tàbí bíi 5500, kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó, wà ní 100, ó parí. Tí kò bá ní Pro, ẹ máa ya fọ́tò yín lọ, mo ti rí fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ya nǹkan tó dáa ju ti ẹlòmíì tó ń fi tiẹ̀ yangàn.

Súùmù, mo bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí i. Oòrùn kì í tóbi nírọ̀lẹ́, ojú wa ló ń tàn wá jẹ torí ó wà nítòsí igi àti ilé, bó ṣe fẹ̀ lọ́sàn-án náà ló fẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lẹ́ǹsì fóònù sì ń kó gbogbo ayé wọlé, oòrùn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ fọ́tò, á dà bí hóró ẹ̀wà kan. Tí ẹ bá wá fi ìka fẹ̀ ẹ́, wúruwùru ló máa di. Ẹ gbà pé ó kéré kí ẹ fi nǹkan míì kún fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ oòrùn ńlá, lẹ́ǹsì gígùn ló máa wá, bíi 200mm sókè, kó sì jìnnà sí ohun tó fẹ́ fi síwájú oòrùn, ọkọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọ̀sà yàtọ̀ pátápátá sí ọkọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ yín. Ẹni tó bá sì ń lo kámẹ́rà onílẹ́ǹsì gígùn, ẹ má fi ojú sí ihò ẹ̀ kí ẹ máa wo oòrùn nínú gíláàsì, ojú ò ní ìpààrọ̀. Ojú sìkírìnì ẹ̀yìn ni kí ẹ máa wò. Kámẹ́rà náà, f/8 ni kí ihò lẹ́ǹsì wà, ISO 100, RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, kí ẹ ya ọ̀kan bó ṣe yẹ, kí ẹ ya méjì míì tó ṣókùnkùn jù ú lọ.

Èèyàn níwájú oòrùn ni iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù. Ìyàwó á ní òun fẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn òun, òun sì fẹ́ kí ojú òun hàn kedere. Méjèèjì ò lè ṣẹlẹ̀ lásán, ojú á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ní bí ìdajì wákàtí kí oòrùn tó wọ̀, mo ń jẹ́ kí wọ́n kọjú sí i, ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn rọ̀, ó ń dán lára awọ dúdú bí ẹni fi òrí para, kò sí fíltà tó lè ṣe é. Tó bá ti wá fẹ́ wọ̀, wọ́n á yí padà, màá ní kí ọ̀rẹ́ ìyàwó gbé pátákó funfun dání kí ó fi dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú, tàbí kí a gbà pé òjìji dúdú nìkan la fẹ́. Òjìji dúdú yẹn gan-an dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ dúró kí imú àti ètè hàn, kí ọwọ́ jìnnà sára, kí àwọn méjèèjì má lẹ̀ mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dà bí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Gèlè máa ń jáde dáadáa. Apẹja tó ń da àwọ̀n náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kí i, ẹ tọrọ àyè, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè jẹ́ n yà yín?" Wọn kì í sábà kọ̀ fún mi. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ara ẹ̀ ni. Tí kò bá sí ẹnì kankan, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, Marina ló wà, òrùlé ẹ̀ ga tó láti dúdú lójú ọ̀run.

Kí omi tẹ́jú o. Mo ń rí fọ́tò tí ọ̀sà ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó fẹ́ ṣàn jáde nínú fóònù. Ẹ tan ilà tó máa ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, ẹ fi ilà kan sórí etí omi. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, adágún òjò kékeré tí ẹ ń fò kọjá yẹn lè gbé gbogbo ojú ọ̀run.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ tó kọjú síbi àwọsánmà, ẹ kọ́kọ́ yíjú sí ìlà oòrùn ná. Lọ́jọ́ tí òkè bá mọ́, ẹ máa rí ìlà kan tó dà bíi búlúù eléérú nísàlẹ̀, tí osùn fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lórí ẹ̀. Ìlà búlúù eléérú yẹn ni òjìji ayé tí a dúró lé yìí, tó ń gòkè bọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti dàgbà tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ti rí òjìji ayé. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń hàn dáadáa.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń dínkù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹni tó bá ní tráípọ́ọ̀dù, ó yá. Ẹni tí kò ní, kó fara ti igi àgbọn, kó gbé fóònù lé irin jẹ́tì, èmi ní àpò kékeré tí mo rọ ẹ̀wà sí tí mo fi ń gbé kámẹ́rà lé, ọdún mélòó kan rèé, ẹ̀wà náà ti di ti kámẹ́rà. Ẹ lo tímà oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ìka yín má baà mì í. Fíláàṣì kò wúlò fún nǹkan kan níbẹ̀, kò lè dé òdìkejì ọ̀sà.

Tí ẹ bá délé tí ẹ fẹ́ fi Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, ṣe é, ẹ tan ibi tó dúdú díẹ̀, ẹ fi àwọ̀ kún un díẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ojú tó ti ń wo pupa látẹ̀ẹ̀kan kì í mọ ìgbà tó ti pọ̀ jù, tó bá ti dà bí Fanta, ẹ dá a padà sẹ́yìn.

Èyí tó kù ni búlúù àṣálẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà èmi nìkan ló máa ń kù síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn màmá ẹlẹ́ja. Wọ́n á ti tan àtùpà àti tọ́ọ̀ṣì sórí ọpọ́n, iná yẹ́lò nísàlẹ̀, búlúù bí aró lókè, èéfín ẹja ń gba àárín wọn kọjá. Ẹ gbé Night mode sí i, ẹ mú un dúró, ẹ ya méjì mẹ́ta. Tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ò lè ka nọ́ńbà ara ọ̀kadà tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ó tan iná, kò sí nǹkan tó kù lókè mọ́, ẹ ra ẹja yín kí ẹ máa lọlé.